Ọjọ́ Tí Èmi àti Baálé Mi Dá Rìn ní Kútọnu

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù wa ní Araròmí

Ìyálọ́jà ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò tí mo lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má retí òyìnbó lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe sí i.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu. Láti Igbókòdá dé Èkó, láti Èkó dé ẹnu bodè Ṣẹ̀mẹ̀, kò sí kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn tí ìdí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọjà Dantokpa nìkan ni mo mọ̀. Tí a bá dé, a ó rajà, a ó di ẹrù, a ó sùn lórí ẹrù, ilẹ̀ á mọ́, a ó padà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni Kútọnu ṣe rí, ẹ̀yìn àwọn alábàárù ni mo lè júwe.

Baálé mi ò bá mi lọ rí. Apẹja ni, òkun ni tirẹ̀. Kò dá mi dúró lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bí mo bá fi ọjọ́ kan pẹ́ sí i, oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, á ní òun ti yó. Nígbà mìíràn á ní, "Kí ló wà ní Kútọnu ọ̀hún gan-an?" Èmi náà á dá a lóhùn pé, "Aṣọ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ti di egbò láàárín wa.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ, kì í ṣe láti rajà, ká kàn lọ wo ìlú ni. Àwọn ọmọ wa rẹ́rìn-ín. Ilé àbúrò mi obìnrin la dé sí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń mú wa kiri. Ọjọ́ kẹta, ọmọ lọ síbi iṣẹ́, ó wá ku èmi àti bàbá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, mo mọ ìlú yìí." Ẹ gbọ́ irọ́!

A gun ọ̀kadà méjì. Zémidjan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "tètè gbé mi lọ". Mo ní kí wọ́n gbé wa lọ síbi ère obìnrin ńlá. Àwọn ò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ Faransé. Wọ́n já wa síbì kan, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Mo wò yí ká, mi ò mọ ibi tí a wà. Mi ò kọ àdírẹ́sì ilé àbúrò mi sílẹ̀. Fóònù wa ò ṣiṣẹ́, líìnì Nàìjíríà ló wà nínú ẹ̀. Òógùn bò mí. Ojú tì mí, èmi tí mo ti fi ogún ọdún yangàn.

Bàbá ò bá mi wí. Ó dúró, ó wo oòrùn, ó kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ó ní, "Òkun wà lọ́hùn-ún. Tí a bá ti rí òkun, a ò sọnù mọ́." A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tó ṣe, a rí òkun lóòótọ́, òkun kan náà tó ń pariwo ní Araròmí níbí. A tọ etí rẹ̀ lọ títí a fi rí orí ère náà lókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ère yẹn ga! Mítà 30 ni, bí ilé alájà mẹ́wàá. Obìnrin ni, ó mú ìbọn lọ́wọ́ kan, ó mú idà kékeré lọ́wọ́ kejì. Oṣù keje ọdún 2022 ni ìjọba Benin ṣí i. Àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì ni wọ́n fi ń rántí. Orí mi wú. Mo ní kí bàbá wá ká ya fọ́tò. Bàbá fajú ro. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe àwọn yìí ló wá ká Ẹ̀gbá mọ́ Abẹ́òkúta?" Òótọ́ ló sọ. Ní ọdún 1851, ọba Ghezo kó wọn wá. Ní 1864, wọ́n tún wá nígbà ọmọ rẹ̀, Glele. Ẹ̀gbá lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo ní akin obìnrin ṣá ni wọ́n. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un. Fọ́tò náà wà nílé, òun ló yà á, èmi nìkan ló wà nínú ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbọ́ Yorùbá ló júwe ọkọ̀ Abomey-Calavi fún wa. Níbẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié. Ẹ gbọ́, orí ọ̀sà ni gbogbo ìlú yẹn wà. Ọ̀sà Nokoué ni. Èèyàn tó ju 20,000 lọ ló ń gbé ibẹ̀. Orí òpó ni ilé wọn, omi ni títì wọn. Àwọn obìnrin wọn dé fìlà gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré ta tòmátì, ata, ẹja àti ọbẹ̀. Ọkọ̀ ni ìsọ̀ wọn. Mo ra ẹja lọ́wọ́ ọ̀kan, ìka la fi ná an, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Ẹni tó ń tukọ̀ wa gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó ní àwọn Tofinu ló tẹ ìlú náà dó, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ń kó èèyàn tà lẹ́rú. Wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn ọmọ ogun náà ò jẹ́ kí wọ́n jagun lórí omi. Wọ́n ní ìtumọ̀ Ganvié ni "a ti yè". Èmi àti bàbá wo ara wa. Láàárọ̀, a rí ère àwọn tó ń lépa. Lọ́sàn-án, a wà nílé àwọn tó sá.

Bàbá rí bí wọ́n ṣe ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà, kí ẹja lè wá fi ṣe ilé, kó máa jẹun níbẹ̀. Tó bá ti pẹ́ dáadáa, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹja. Òun àti apẹja àgbà kan ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Nígbà tí à ń padà, ó dákẹ́. Ó wá ní, "Omi ló gba àwọn wọ̀nyí là. Omi tiwa ń lé wa." Ẹ mọ ohun tó ń sọ. Ẹ wo Aiyétòrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ẹ wo bí òkun ti ṣe é. Ilé tí wọ́n ti bí baálé mi gan-an, inú òkun ló wà lónìí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé Dantokpa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà ilé. Mo mú un débi tí a máa ń sùn sí, lórí ẹrù, pẹ̀lú ẹ̀fọn àti òórùn gọ́tà. Ó ní, "Níbí?" Mo ní, "Níbí ni." Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó gba báàgì ọwọ́ mi, ó gbé e délé. Lálẹ́ yẹn, ó jẹun tán, ó ní kí n bu sí i.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ ká ṣe rèé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ àjọ ìrìn-àjò, ká lọ wo ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láìra nǹkan kan. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́, kó mú un dání, kó fojú rí ibi tí à ń làágùn sí. Kí kálukú kọ àdírẹ́sì ibi tó dé sí, kó fi sínú brà. Ẹ ra líìnì ibẹ̀. Ẹ ná owó ọkọ̀ ojú omi ní àlọ àti àbọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó.

Kí ọjà wa tà o, kí òkun má gba ilé wa.