Ilẹ̀ Nicodemus ní Kansas, àti Iye Ènìyàn Tí Ó Wà Níbẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ kan àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìlú ńláńlá ni a sábà máa ń yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi yan ibì kan tí púpọ̀ nínú yín kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, níbi tí àwọn akànìyàn ìjọba Amẹ́ríkà ti rí ènìyàn 14 péré ní ọdún 2020. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni a ó fi ọ̀rọ̀ ènìyàn mẹ́rìnlá ṣe, nígbà tí agbo ilé kan ṣoṣo ní ìlú wa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀.

Orúkọ ibẹ̀ ni Nicodemus. Ó wà ní káúńtì Graham, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀dàn ni gbogbo ilẹ̀ náà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní prairie: koríko títí dé ibi tí ojú mọ, ilẹ̀ tí ń ga díẹ̀ tí ó sì tún ń rẹlẹ̀ díẹ̀, tí kò ní òkè ńlá, tí kò sì ní igbó. Igi kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe ní bèbè odò. Odò tí ó wà nítòsí ni ẹ̀ka gúúsù ti odò Solomon, tí ń ṣàn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Kì í ṣe odò tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà kó ẹrù. Òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀, òun ni wọ́n sì gbẹ́ fi kọ́ àwọn ilé tí ó lágbára nígbà tí ó yá. Ẹ̀fúùfù kì í sinmi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn gbóná bí tiwa, tàbí kí ó tilẹ̀ jù ú, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù òjò dídì a máa bo ilẹ̀, omi a sì máa dì bí òkúta.

Òjò ni ọ̀ràn ńlá ilẹ̀ yìí. Bí ènìyàn bá ti ìhà ìlà-oòrùn Kansas rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń dín kù bí ó ti ń lọ. Ní ọdún 1878, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Wesley Powell fi ìwé kan lé ìjọba Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé níbi tí òjò kò bá tó 20 íǹṣì lọ́dún, àgbẹ̀ kò lè gbára lé òjò nìkan. Ó sì fi ààlà irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìtòsí ìlà òòró 100 tí a fi ń wọn ayé. Ìlà náà kò jìnnà sí Nicodemus rárá. Ní ọdún tí ó dára, òjò ibẹ̀ a máa ju 20 íǹṣì lọ díẹ̀. Ní ọdún tí kò dára, kò ní tó o. Ní Ìbàdàn, òjò nǹkan bí 50 íǹṣì kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nítorí náà kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tí mo ń sọ: eteetí ni ó wà, níbi tí ìrètí àgbẹ̀ fi íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta jìnnà sí òfo. Ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti dé ibẹ̀ ni ìwé Powell jáde.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí táúnṣípù í ṣe, nítorí láìsí èyí a kò lè mọ ìdí tí ènìyàn fi fọ́nká ní ilẹ̀ náà. Òfin ọdún 1785 ni ó pàṣẹ pé kí a wọn ilẹ̀ ìjọba ní igun mẹ́rin mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì 6 ní gígùn àti máìlì 6 ní ìbú. Èyí ni wọ́n ń pè ní táúnṣípù. A tún pín in sí ọ̀nà 36, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ máìlì kan ní gígùn àti máìlì kan ní ìbú, èyí tí ó jẹ́ 640 éékà. Àwọn awọnlẹ̀ kò wo odò, wọn kò wo òkè. Okùn ni wọ́n fà tààrà. Lẹ́yìn èyí ni òfin ọdún 1862 dé, tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí, pé olórí ìdílé lè gba 160 éékà nínú ilẹ̀ ìjọba, tí í ṣe ìdámẹ́rin ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, kí ó sì di tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí ó bá gbé orí rẹ̀ tí ó sì ro ó.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà, “bí ó bá gbé orí rẹ̀.” Àwọn baba wa a máa kó ara wọn jọ sí ìlú, wọn a sì máa ti ìlú lọ sí oko. Òfin Amẹ́ríkà fẹ́ kí olúkúlùkù sùn sí àárín oko tirẹ̀. Bí a bá fi ìdílé kan sórí 160 éékà, ìdílé mẹ́rin péré ni yóò wà ní máìlì kan onígun mẹ́rin, bí gbogbo ilẹ̀ tilẹ̀ kún. Òfin ni ó tú wọn ká, kí ọ̀dá tó wá tú wọn ká sí i. Wọ́n tún ń lo orúkọ táúnṣípù fún ẹ̀ka ìjọba kékeré tí ń bójútó ọ̀nà àti ọ̀ràn àdúgbò. Irú èyí ni táúnṣípù Nicodemus.

Àwọn wo ni ó lọ síbẹ̀? Ènìyàn dúdú ni wọ́n, tí púpọ̀ nínú wọn ti wà ní oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Kentucky kí ìdáǹdè tó dé ní 1865. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìdáǹdè, wọn kò ní ilẹ̀. Orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 1877, oníwàásù dúdú kan, W. H. Smith, àti òyìnbó kan tí ń ta ilẹ̀, W. R. Hill, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tẹ ìlú dó ní Kansas. Wọ́n tẹ ìwé ìkéde, wọ́n sì fọ́n ọn ká àwọn ìjọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nǹkan bí 300 ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kentucky. Ọ̀nà irin tí ó súnmọ́ wọn jùlọ dópin fún wọn ní ìlú Ellis, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn nǹkan bí 35 máìlì la ọ̀dàn kọjá dé Nicodemus.

Níbí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Mímọ́ yóò rò pé Nikodémù tí ó tọ Olúwa wá ní òru ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ jùlọ ni pé Nicodemus jẹ́ ẹrú kan, ọmọ ọba láti Áfíríkà, tí ó fi owó ra ara rẹ̀ padà. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tí ó ti oko ẹrú jáde kò fi ní yan orúkọ yẹn.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò rí ilé kan. Kò sí igi tí wọ́n lè là sí pákó. Wọ́n gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ òkè kéékèèké, wọ́n fi ẹ̀ka igi, koríko àti erùpẹ̀ bò ó lórí, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀. Obìnrin kan, Willianna Hickman, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníwàásù, dé pẹ̀lú àwọn mìíràn ní 1878. Ó sọ ní ìgbà ogbó rẹ̀ pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní kí ó wo Nicodemus, kò rí ìlú. Èéfín ni ó rí tí ń jáde láti inú ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Àwọn ìdílé kan yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò bá wọn wí, kí ó kọ́kọ́ sùn sínú ihò ní òru kan ṣoṣo nígbà òjò dídì.

Ẹṣin kò tó nǹkan, ohun èlò oko kò tó nǹkan. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni púpọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀ tí gbòǹgbò koríko ti so pọ̀ bí ẹní híhun. Ìtàn tí wọ́n fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni pé ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, àwọn Osage, tí í ṣe onílẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń bọ̀ láti oko ọdẹ wọn, wọ́n sì fún àwọn àlejò náà ní ẹran jẹ. Àwọn Osage fúnra wọn ni ìjọba ti lé kúrò ní Kansas kí àwọn wọ̀nyí tó dé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò ó wò, ẹni tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó bọ́ ẹni tí a kó sórí ilẹ̀.

Síbẹ̀ ìlú náà dúró, ó sì gbèrú. Ó ní ilé ìtura ti St. Francis, ó ní ilé ẹ̀kọ́, ó ní ìjọ Onítẹ̀bọmi àti ti Mẹ́tọ́díìsì A.M.E.; ilé ìjọsìn A.M.E. tí a fi òkúta ẹfun kọ́ ní 1885 ṣì wà títí di òní. Ìwé ìròyìn méjì ni a tẹ̀ níbẹ̀: Western Cyclone bẹ̀rẹ̀ ní 1886, Nicodemus Enterprise sì tẹ̀lé e ní 1887. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Edward McCabe, tí ó dé ní 1878, di akọ̀wé káúńtì Graham. Ní 1882 gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas dìbò yàn án ṣe olùyẹ̀wò ìṣirò owó ìjọba, wọ́n sì tún yàn án ní 1884. Ọmọ ènìyàn dúdú kò tí ì di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú rí ní Kansas.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ojú irin dé. Ní 1887 àwọn ará Nicodemus dìbò láti yá owó, 16,000 dọ́là, kí ilé iṣẹ́ rélùwéè kan lè mú ọ̀nà rẹ̀ gba ìlú wọn. Kò wá. Ní 1888 ilé iṣẹ́ mìíràn, Union Pacific, la ọ̀nà irin tirẹ̀ sí apá kejì odò Solomon, ní ìhà gúúsù, níbi tí ìlú Bogue ti dìde. Àlìkámà tí a kò lè gbé dé ojú irin kì í di owó kíákíá. Nítorí náà àwọn oníṣòwò kó ilé ìtajà wọn, wọ́n ré odò kọjá. McCabe pẹ̀lú ti lọ. Ó kọjá sí Oklahoma, ó sì wà lára àwọn tí ó tẹ ìlú Langston dó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń parí ìtàn Nicodemus síbẹ̀, wọ́n a sì wí pé ìlú náà kùnà. Èmi kò gbà. Àwọn àgbẹ̀ kò bá àwọn oníṣòwò lọ. Wọ́n wà lórí ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi tuntun ní 1907, wọ́n sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun ní 1918. Ọ̀dá àti ìjì eruku ọdún 1930 sí 1939 ni ó pa oko run, tí owó ọkà sì wálẹ̀. Ní 1939 ètò ìjọba fún àwọn aláìníṣẹ́ ni ó gbé gbọ̀ngàn táúnṣípù wọn ró. Ní 1953 ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ àti ẹ̀rọ ìkórè sì ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè ro ilẹ̀ tí ó pọ̀ ju 160 éékà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kò sì sí ohun tí ọmọ mẹ́rin yóò dúró ṣe nílé mọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé àwọ̀ ara ni ó fa èyí, kí ó wo gbogbo káúńtì náà, tí púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ará rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Káúńtì Graham jẹ́ nǹkan bí 30 máìlì ní gígùn àti 30 máìlì ní ìbú. Ní 1910 ènìyàn 8,700 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 2020 ó ku 2,415, èyí tí kò tó ènìyàn mẹ́ta ní máìlì kan onígun mẹ́rin. Bogue pẹ̀lú, tí ó rí ojú irin gbà, kékeré ni ó wà. Ohun kan náà ni ó ṣe òyìnbó àti dúdú ní ọ̀dàn yẹn. Nínú gbogbo ìlú tí àwọn ènìyàn dúdú tẹ̀ dó ní ìwọ̀-oòrùn odò Mississippi láàrin ọdún díẹ̀ wọ̀nyẹn tí ó tẹ̀lé ìdáǹdè, Nicodemus nìkan ni àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ibi ìtàn tí a dáàbò bò ní 1996, ilé márùn-ún àtijọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ náà ṣì ń so èso. Àlìkámà ni olórí, ọkà bàbà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó lè fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ọkà bàbà níhìn-ín. Áfíríkà ni a ti mú un dé Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ àwọn tí ó dé ní 1877 àti 1878 ṣì ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Veryl Switzer, tí a bí ní Nicodemus ní 1932, tí ó di olókìkí nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí kò sì fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní 2022.

Láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìdáǹdè. Ní ìparí oṣù keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa wá láti ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà, láti Denver, láti Topeka, láti California. Wọn a pàgọ́, wọn a jẹun pọ̀, wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba òpópó ìlú kọjá, wọn a sì jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó máa ń wà ní Nicodemus ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ka ènìyàn.