Abẹ́rẹ́ Tó Wà Nítòsí Tí Ọwọ́ Wa Ò Tó
(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mi ò ní ṣe gírámà fún yín. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ Kòrónà ni wọ́n ní kí n sọ, ṣùgbọ́n ara ògiri ilé yín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ṣọ́ọ̀kì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fi kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn wa? Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gbé kúlà kọ́ èjìká, wọ́n á máa ti agbo ilé kan bọ́ sí èkejì, wọ́n á kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu, wọ́n á kun ìka rẹ̀. Bí ọmọ ò bá sí nílé, wọ́n á padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Oṣù kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ Kòrónà dé Nàìjíríà, AstraZeneca, ó tó mílíọ̀nù 4 dín díẹ̀. Èyí ò wá ẹnikẹ́ni wá sílé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní ká ti lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ wò ó o: Sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wà ní Agodi níbí, UCH ò jìnnà, Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu. Ta ló máa sọ pé abẹ́rẹ́ jìnnà sí wa? Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ní fóònù ńlá rí ọ̀nà gbà á. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ l'Ọ́jẹ̀ẹ́, bàbá tó jókòó sọ́ọ̀dẹ̀ ní Bẹẹrẹ, fóònù olótọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọkọ̀ lọ sí ibùdó kan lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kò forúkọ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán. Ìyá ní òun ò lọ mọ́. Tẹ́lẹ̀, èmi gan-an ì bá pè wọ́n ní aláìgbọràn. Lóòótọ́, àhesọ WhatsApp dẹ́rù ba àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù àti ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ẹ̀bi ibẹ̀ kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Íńdíà tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà dáwọ́ fífi ránṣẹ́ sókè òkun dúró nígbà tí àrùn gbóná lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó wá fún wa lọ́rẹ lẹ́yìn náà, ọjọ́ ti fẹ́ tán lórí òmíràn kó tó débí. Ní December 22, 2021, ìjọba da èyí tó lé ní mílíọ̀nù 1 nù l'Ábújà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó kọ orúkọ àgbàlagbà àti ọmọdé tó wà nínú agbo ilé rẹ̀ sí, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní dátà máa bá wọn forúkọ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ wa sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn pé kí wọ́n gbé kúlà wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. A ò ní dúró de àrùn mìíràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀ lónìí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní agbo ilé tèmi: àgbàlagbà 23, àwọn 6 ò lè jáde nílé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ wá wò ó lẹ́yìn ìpàdé.