Idán Ojú Agbo, Ẹ̀tàn Inú Yàrá: Ohun Èlò Àwọn Onídán Àtijọ́

Mo júbà àgbà, mo júbà àwọn ọ̀jẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ tọ̀. Awo eégún kọ́ ni mo wá tú. Ohun tí a ti ṣe ní gbangba ni n ó sọ.

Ní ọdún 1826, nígbà ayé Aláàfin Májòtú, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wo eré ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Apá mẹ́ta ni eré náà ní. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òṣèré tó wà nínú àpò jó, wọ́n sì tàkìtì. Lẹ́yìn náà, erè ńlá kan yọ orí láti inú àpò, ó ń fẹ́ bu ẹni tó dúró tì í jẹ, títí gbogbo ara rẹ̀ fi jáde. Níkẹyìn, àpò kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òyìnbó funfun kan tó rù hangogo sì yọ níbẹ̀. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù mú, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran ń bi Clapperton bóyá eré náà dára. Òun tí wọ́n ń sín jẹ gan-an sì yìn ín.

Kí ni ohun èlò wọn? Aṣọ, àpò, ìlù, orin, àti ara tó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀wù tí inú àti òde rẹ̀ yàtọ̀ síra, tí òṣèré lè yí padà kíákíá, wà lára ẹrù àwọn alárìnjó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibòmíràn. Ní ọdún 1856, ìjọba Faransé rán onídán wọn, Robert-Houdin, lọ sí Àlùgẹ́ríà. Ó gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀ tí ọmọdé lè gbé. Ó wá sọ fún géńdé kan pé òun ti gba agbára rẹ̀. Géńdé fà á títí, àpótí kò mì. Òòfà tí iná mànàmáná ń fún lágbára ló wà lábẹ́ pèpéle, tó ń di irin ìdí àpótí náà mú. Ìdí tí wọ́n fi rán an ni kí àwọn ará ibẹ̀ má baà gba àwọn olórí ẹ̀sìn tiwọn gbọ́ mọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rù Faransé.

Ní Ọ̀yọ́, idán mú òyìnbó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ní Àlùgẹ́ríà, idán di ohun ìjà. Ohun èlò kò jẹ̀bi. Ohun tí a fi rán an níṣẹ́ ni ká bi í.

Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, kọ́ṣẹ́ idán ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1960. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pa á ní Onípanu ní ọdún 1997. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ̀ pé eré lòun wá wò. Ó fi owó ra ìyanu, ó sì rí i gbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àpótí onísàlẹ̀ méjì wọ inú yàrá, ní Mushin, ní Yábàá tàbí níbikíbi, tó ní òun ń sọ owó di ìlọ́po, olè ni. Owó gidi díẹ̀ ló wà lókè, bébà tí a gé ló wà nísàlẹ̀. Tó bá tún wá kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ọwọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní babaláwo, àwa ló dójú tì. Opó tó kó owó ọjà rẹ̀ fún un kò ní sọ pé onídán ló lu òun ní jìbìtì. Ifá ni yóò bú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọpọ́n Ifá kò ní ìsàlẹ̀ méjì. Ojú ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò ni a ti ń pa ikin, ojú rẹ̀ ni a ti ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn. Nítorí náà, ohun méjì ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Kí a máa sọ ọ́ fún aráàlú pé Ifá kì í tẹ owó. Kí a sì bá àwọn ìdílé ọ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀wù àti ère eré àtijọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí má baà jẹrà sínú àjà. Bí ọmọ wa bá ti mọ idán ní ojú agbo, kò sí ẹni tí yóò fi tàn án jẹ nínú yàrá.