Luiz Gama: Akéwì Tó Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Olówó Ẹrú

Bí a bá dárúkọ akéwì tó gbèjà ẹrú nílẹ̀ Bràsíl, Castro Alves ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí. Kò burú: ohùn rẹ̀ dún, ewì rẹ̀ sì ń pa ènìyàn lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ọmọ dókítà ni Castro Alves, ìta ló ti ń wo ẹrú. Ẹnìkan wà tí wọ́n ti tà rí, tó sì ti tẹ ìwé ewì tirẹ̀ jáde nígbà tí Castro Alves ṣì wà lọ́mọdé. Luiz Gama lorúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń yìn ín bí agbẹjọ́rò tó tú ẹrú sílẹ̀, wọ́n á wá kàn dárúkọ ewì rẹ̀ lásán bí ẹni pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó lò ní kóòtù, inú ewì ló ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ìlú Salvador ní Bahia ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1830. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lúcio de Mendonça lọ́dún 1880, ó ní Luiza Mahin ni ìyá òun, obìnrin Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ẹrú. Ó ń tajà, ó kọ̀ jálẹ̀ kò ṣèrìbọmi, wọ́n sì ti tì í mọ́lé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ó lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé ọlá. Gama ò dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà náà, kò fẹ́ dójú ti òkú. Lọ́dún 1837 ìyá gba Rio de Janeiro lọ. Lọ́dún 1840, bàbá tó ti jẹ ogún rẹ̀ run mú ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí ní òmìnira, ó sì tà á. Nígbà tí wọ́n gbé e dé agbègbè São Paulo, ẹni tó bá fẹ́ rà á á pa dà lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ti gbọ́ pé Bahia ló ti wá. Ẹ rántí pé ọdún 1835 ni àwọn Ìmàle, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní Salvador; ẹ̀rù ẹrú Bahia ṣì ń ba àwọn olóko. Báyìí ni ọmọ náà ṣe dúró sílé oníṣòwò tó kó o wá, ó ń fọṣọ, ó ń rán bàtà. Ó di ọmọ ọdún 17 kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ̀ sílé náà tó kọ́ ọ ní ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó rí ẹ̀rí pé òmìnira ni wọ́n bí òun, ó fi ilé olówó rẹ̀ sílẹ̀, ó di sójà.

Ọdún 1859 ló tẹ ìwé ewì rẹ̀ kan ṣoṣo jáde, Primeiras Trovas Burlescas de Getulino. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹlẹ́fẹ̀ ní òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, bó ṣe ń tú àṣírí alágbára ní gbangba tí wọn ò sì lè mú un, ti mọ irú ìwé tí èyí jẹ́. Gama fi àwọn tó ń fowó ra oyè ṣẹ̀sín, àti àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ dúdú ara wọn pamọ́. Èyí tó gbayì jù ni ewì tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Bodarrada. Òbúkọ ni àwọn aláwọ̀ funfun fi máa ń bú ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ dúdú lára. Gama kò jiyàn. Ó gba orúkọ náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òbúkọ yòókù: ọlọ́lá, àlùfáà, ọ̀gágun, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Kò mú ohun ìjà tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló gbà, ló fi nà wọ́n. Ohun kan náà ló ṣe ní kóòtù. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1831, Bràsíl ti ṣòfin pé ẹrú tí wọ́n bá kó wọlé láti òkè òkun lẹ́yìn náà ti di òmìnira. Òfin ẹnu lásán ni. Àwọn tí wọ́n ṣì kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ju 700,000 lọ. Gama, tí kò gboyè nínú ìmọ̀ òfin, tó jẹ́ pé ìwé àṣẹ ló fi ń rojọ́, gbé òfin yẹn síwájú adájọ́: ọdún wo ni wọ́n kó ọkùnrin yìí dé? Ọmọ ọdún mélòó ni? Bó bá ti jẹ́ lẹ́yìn òfin, olówó rẹ̀ ni ọ̀daràn. Wọ́n lé e níṣẹ́ akọ̀wé ọlọ́pàá tó ń ṣe nígbà náà lọ́dún 1869 nítorí irú ẹjọ́ wọ̀nyí, kò dákẹ́. A gbà pé àwọn tó tú sílẹ̀ lé ní 500.

Ẹnìkan lè ní mélòó nínú ewì náà ló sọ̀rọ̀ ẹrú gan-an? Kò pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sunkún níwájú olóko, olóko á káàánú rẹ̀, á sì pa dà sóko. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín ti já ọlá rẹ̀ lulẹ̀, ọlá yẹn gan-an ni àṣẹ rẹ̀ lórí ẹrú dúró lé. Àwọn mìíràn ń béèrè ẹ̀rí ìyá rẹ̀, nítorí ẹnu ọmọ nìkan la ti gbọ́ ìtàn Luiza Mahin. Ìbéèrè náà tọ́, àmọ́ obìnrin tí kò ṣèrìbọmi, ìwé ìjọ wo ni orúkọ rẹ̀ ì bá wà? Ohun tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ ni pé Gama kọ ewì yin ìyá dúdú nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi tiwọn pamọ́.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ń lo òfin ìlú ti gba ti àwọn tó ṣe é. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń bá ọba jà fẹ́ rọra gbé ọ̀rọ̀ ẹrú tì nítorí àwọn olóko kọfí, ó bá wọn yapa. Àtọ̀gbẹ ló pa á ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1882, ọdún mẹ́fà kí òfin tó fòpin sí ẹrú níní. Ogunlọ́gọ̀ èrò ló sin ín dé itẹ́ òkú Consolação ní São Paulo. Ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Bràsíl ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní oyè agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Potogí nínú yín, ẹ wá ìwé ọdún 1859 náà kà.