OJÚ NI Ọ̀RỌ̀ WÀ: NÍTORÍ KÁMẸ́RÀ TÍ Ó Ń ṢẸ́JÚ NÍNÚ ÌPÀDÉ ORÍ Ẹ̀RỌ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kámẹ́rà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rò ó nínú ara wọn pé, kí ni ti kámẹ́rà nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù? Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ owó yín ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ óò rántí pé ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé tí ìjọba sì ní kí a má ṣe péjọ, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí ẹ̀rọ. Ìfòfindè ìpéjọ kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé orí ẹ̀rọ kò kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kò sí lójú kan náà mọ́. Ẹni tí ó ṣe onídùúró fún ọ ní èṣí lè wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní London lónìí. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, òfin wa ni pé onídùúró gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kí a rí i, kí òun náà sì rí wa, kí a tó yá ẹnikẹ́ni lówó. Òfin yìí dára. Àwọn bàbá wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa béèrè owó láti fi ra èbù iṣu. Àgbẹ̀ ni ẹ̀yin náà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èbù kò ṣeé fi falẹ̀. Onídùúró rẹ̀ àkọ́kọ́ wà nílé, èkejì sì ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin lókè òkun. Ní ọjọ́ ìpàdé, a tan kọ̀ǹpútà, a gbé kámẹ́rà kékeré sórí rẹ̀, irú èyí tí ó ní wáyà tirẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń pè ní webcam, a sì tan gílóòbù nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Bí a ti pe bàbá náà, àwòrán tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣókùnkùn, ìlà dúdú sì ń gorí ojú wa bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé a wà nínú mànàmáná. Bàbá náà ní, “Akọ̀wé, ṣé ìwọ nìyẹn? N kò dá ọ mọ̀.” Ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó tì í ti gbọ́ ìròyìn àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń fi ojú olójú sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, n kò lè jẹ́ kí bàbá mi ṣe onídùúró fún ohun tí a kò rí ojú rẹ̀ dáadáa.” Ó pa ẹ̀rọ. N kò bá a wí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí èmi náà ìbá ṣe nìyẹn.

Kí ni àwa ṣe? A dá kámẹ́rà lẹ́bi. Ẹ̀bùn ni ti àkọ́kọ́, ọmọ ẹnì kan nínú wa ni ó fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. A pa á tì, a mú owó ẹgbẹ́, a ra òmíràn. Òun náà tún ń ṣẹ́jú. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a ra ẹ̀kẹta, èyí tí ó wọ́n ju méjèèjì lọ. Mo ti mú báírò láti kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí ọmọ ọ̀kan nínú wa wọlé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń kọ́ ní Ìkọ̀lé níhìn-ín, ní ẹ̀ka Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó wo àwòrán náà díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ kí n pa iná yìí ná.” Ó pa gílóòbù, ó ṣí fèrèsé. Ọ̀sán ni ọjọ́ náà. Àwòrán dúró wámúwámú. Ó ní, “Kámẹ́rà yín kò ṣe nǹkan kan, bàbá. Òun àti iná yín ni kò gbọ́ èdè ara wọn.”

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Mo jókòó ti ọmọ náà títí mo fi mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Iná mànàmáná tí a ń lò ní Nàìjíríà ń lọ ó sì ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní lílọ, gílóòbù ń mọ́lẹ̀ sí i. Ní bíbọ̀, ó tún ń mọ́lẹ̀ sí i. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń ròkè ó sì ń rẹlẹ̀ nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ènìyàn kò lè rí i nítorí pé ó yá jù, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Iná 50 yìí náà ni wọ́n ń lò ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Gánà, ní Benin àti ní Togo. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni tiwọn. Ní Japan, méjèèjì ni wọ́n ń lò: 50 ní ìhà Tokyo, 60 ní ìhà Osaka, nítorí pé ní nǹkan bí ọdún 1895 sí 1896, ìhà kan ra ẹ̀rọ iná lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, ìhà kejì sì rà á lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Títí di òní, wọn kò tíì sọ ọ́ di ọ̀kan.

Kámẹ́rà kì í wo nǹkan bí a ti ń wò ó. Àwòrán kéékèèké ni ó ń yà léraléra, ó sábà máa ń jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo bí ènìyàn méjì ṣe ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀kalẹ̀, iyán á sì kúnná. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yára ju ẹnì kejì lọ, ọmọ odó méjèèjì yóò máa gbá ara wọn. Bákan náà ni kámẹ́rà tí wọ́n ti sọ fún pé iná 60 ni yóò bá pàdé, tí ó wá dé Èkìtì tí ó bá 50. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú àwòrán kan yóò pọ̀, èyí tí ó wọ inú àwòrán tí ó tẹ̀ lé e yóò kéré. Èyí ni ìṣẹ́jú tí ẹ ń rí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni ó jẹ́ pé 60 ni wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́. Kámẹ́rà wa méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Nínú ètò kámẹ́rà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Flicker reduction”, tàbí “Anti-flicker”, tàbí “Power Line Frequency” sí. Bí ẹ bá rí 60 níbẹ̀, ẹ yí i sí 50. Ó tán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìṣẹ́jú ni ó ti ọ̀dọ̀ iná wá. Gẹ́gẹ́ bí aṣàyẹ̀wò owó ṣe ń yẹ ìwé wò ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní: Ta ni ó ń rí ìṣẹ́jú náà? Ẹ ṣí kámẹ́rà lórí kọ̀ǹpútà láìpe ẹnikẹ́ni. Bí àwòrán bá dára lójú tiyín, tí ó sì jẹ́ pé àwọn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń rí i tí ó ń gé kélekèle tàbí tí ó ń dúró gbagidi, íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń dà yín láàmú. Ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ tó kù nínú ètò ìpàdé, kí àwọn tí kò sọ̀rọ̀ sì pa kámẹ́rà tiwọn.

Èkejì: Bí ẹ bá pa iná tí ẹ sì ṣí fèrèsé, ṣé ó dúró? Bí ó bá dúró, iná ni. Ẹ yí i sí 50. Bí ó bá jẹ́ pé orí jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ wà, ẹ mọ̀ pé eré jẹnẹrétọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ẹnì kan bá tan fírísà, ó ń lọ́ra. Bí wọ́n bá pa á, ó ń sáré. Iná rẹ̀ kò sì ní jẹ́ 50 gééré. Àwọn gílóòbù kan tí kò dára náà ń ṣẹ́jú fúnra wọn. Kò sí ètò kámẹ́rà tí ó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, tàbí iná tí ó ń gba agbára tààrà láti inú bátìrì.

Ẹ̀kẹta: Ṣé àwòrán ń kú pátápátá tí ó tún ń jí, tí kọ̀ǹpútà sì ń dún bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ki nǹkan bọ̀ ọ́? Wáyà nìyẹn. Ẹ yọ kámẹ́rà kúrò lára ẹ̀rọ tí ó ń pín ojú ihò kan sí mẹ́rin, kí ẹ kì í bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ẹ dán ojú ihò mìíràn wò. Ẹ má ṣe so wáyà mọ́ wáyà: fún USB 2.0, wáyà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 5 lọ. Bí ẹ bá sì fi ọwọ́ mi wáyà náà jẹ́jẹ́ tí àwòrán sì lọ, inú rẹ̀ ti já.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mọ́lẹ̀ tí ó sì ń ṣókùnkùn, pàápàá bí ẹnì kan bá mira? Kámẹ́rà ni ó ń wá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kiri. Ẹ má ṣe kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ẹ kọjú sí i.

Ìkarùn-ún: Ṣé ètò méjì ni ó ń lo kámẹ́rà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ pa ọ̀kan.

Bí ẹ bá ti béèrè gbogbo èyí, tí ẹ gbé kámẹ́rà lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn, ní ojúmọmọ, láìsí ẹ̀rọ ìpín láàárín, tí ó sì ń ṣẹ́jú síbẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ tó wí pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á kí àkókò ìdánilójú rẹ̀ tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mi. Lẹ́yìn tí a yí 60 sí 50, a tún pe bàbá onídùúró. Ó rí wa kedere, ó ń fi oríkì kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ sì tọrọ àforíjì tí kò yẹ kí ó tọrọ. Ìyá náà rí owó gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Èbù ti wọ́n lọ́jà, òjò kò sì dúró de ìgbìmọ̀. Ìdajì ilẹ̀ tí ó ti kọ ebè sí ni ó rí iṣu gbìn sí ní ọdún náà. Kámẹ́rà kejì tí a fi owó yín rà wà nínú àpótí ọ́fíìsì títí di òní, kò sì ṣe nǹkan kan. Èmi ni akọ̀wé. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé rírà rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà níwájú ẹgbẹ́, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ lónìí.

Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ wa ti fi ohun mẹ́ta sínú ìwé. A kì í ra ohun èlò kankan rọ́pò òmíràn títí akọ̀wé yóò fi kọ ohun tí ó ti yẹ̀ wò sílẹ̀. Ọ̀sán ni a ń gbọ́ ẹnu onídùúró tí ó wà lẹ́yìn odi, a sì ń jókòó kọjú sí fèrèsé. A sì ń tan ẹ̀rọ ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé, kí ó lè jẹ́ pé àwa ni yóò kọ́kọ́ rí àbùkù wa.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní ọjà kan tí ó ń tà ju ìgbẹ́kẹ̀lé lọ. Bí ojú wa bá ń ṣẹ́jú, ìgbẹ́kẹ̀lé yóò ṣẹ́jú pẹ̀lú. Ẹ padà délé, ẹ wo kámẹ́rà ẹgbẹ́ yín, ẹ wò ó bóyá 50 ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́ o.