Wọ́n kọ 9,000 sára páálí: bí mo ṣe ra projector lẹ́ẹ̀mejì

  

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò yàrá mi sórí Status, tí ẹ rí bọ́ọ̀lù gbàràgàdà lára ògiri, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé: “Bọ̀dá, èló ni projector yẹn? Níbo lẹ ti rà á?” Mo ti ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí èyí tí ẹ rí yẹn, ìkejì ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń tì mí lójú. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ń dá àjọ láti oṣù mẹ́fà, òun fẹ́ fi owó náà ra èyí tí wọ́n kọ 12,000 lumens sí lára, kí wọ́n lè lò ó níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ìgbéyàwó ọ̀sán o. Ni mo bá ní, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, màámi pé ọgọ́ta ọdún. Mushin ni ilé wa wà. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan tí mo ń tú àpótí wọn, mo rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan, irú èyí ńlá àtijọ́ yẹn, VHS. Fídíò ìsọmọlórúkọ mi ni. Mo gbé e fún bọ̀dá kan ní Súrùlérè tó máa ń kó irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó tan iná sí i, bàbá mi ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé mi dání, wọ́n ń ṣàlàyé ìtumọ̀ orúkọ mi fún àwọn èèyàn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí màámi ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Iṣẹ́ fídíò náà ni mo sì ń ṣe jẹun. Mo gé e, mo tò ó, ó di ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ohun tí màá fi gbé e sára ògiri. ₦85,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo wọ ọjà lọ, ẹ má bi mí pé ọjà wo. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta á ní, “Ọ̀gá mi, 9,000 lumens nìyí! Full HD ni, ó tún ń gbé 4K!” Ó mú mi lọ sí inú ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kọ́tìnì dúdú, ó tàn án. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, ẹyẹ aláwọ̀ mèremère ń fò. Ẹ̀yin náà ti rí fídíò yẹn rí, òun ni wọ́n fi ń ta gbogbo tẹlifíṣàn láyé. Mo sanwó.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kánópì ti wà ní àgbàlá, jọ̀lọ́ọ̀fù ti kárí, mo ti ta aṣọ ìbùsùn funfun mọ́ ògiri. Mo so wáyà ohùn mọ́ spíkà DJ, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn bàbá mi jáde, ó gba gbogbo àdúgbò. Màámi dìde lórí àga. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá wo aṣọ funfun yẹn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àfi kéèyàn sún mọ́ aṣọ náà tímọ́tímọ́ kó tó rí i, bí òjìji inú omi. Màámi yíjú sí mi, wọ́n ní, “Bàbá ẹ dà?”

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lumens ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kò sí irọ́ nínú lumens fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ni ẹjọ́ wà. Ẹni tó fẹ́ tajà lè wọn ìmọ́lẹ̀ ara gílóòbù nìkan, kó tó gba inú àwọn gíláàsì kọjá. Ó sì lè kọ ohun tó bá wù ú sára páálí, ta ni yóò wọ̀n ọ́n lé e lórí? ANSI lumens yàtọ̀. Wọ́n á pín ojú àwòrán sí apá mẹ́sàn-án, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ tó balẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi mẹ́sàn-án pín in. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ara ògiri ni wọ́n wọ̀n. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ ka ìwé pélébé inú páálí mi, 180 ANSI ló wà níbẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà. 9,000 níta, 180 nínú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan kún un. Àwòrán 100 inches máa ń fẹ̀ tó mítà 2.2, ó sì ga tó mítà 1.25. Bí ẹ bá tẹ́ lumens 180 sórí ìyẹn, kò ju nǹkan bíi 65 lux lọ. Ìmọ́lẹ̀ ìta lójú ọ̀sán, kódà lábẹ́ ìbòòji, máa ń wọ ẹgbẹ̀rún lux. Kí ni 65 fẹ́ bá ẹgbẹ̀rún sọ? Bí ẹ bá sì fẹ àwòrán náà ní ìlọ́po méjì, níbùú àti lóòró, ìmọ́lẹ̀ yẹn á tún kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: projector ò lè ta òkùnkùn sára ògiri. Dúdú tí ẹ ń rí nínú àwòrán, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ni. Bí oòrùn bá ti tan aṣọ funfun yín, irun orí bàbá mi pàápàá, funfun ni yóò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Full HD tún wà níbẹ̀. Full HD tòótọ́ jẹ́ pixel 1920 níbùú, 1080 lóòró, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tí mo rà, 854 ní 480 ni, kò pé ìdá kan nínú márùn-ún. Kí ló dé tí wọ́n kọ 1080p sí i? Torí ó ń gba fídíò 1080p wọlé ni, á wá fún un mọ́ra kó lè wọ inú tirẹ̀. Bí ẹni da kóńgò gààrí kan sínú agolo mílíìkì ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ wá nínú ìwé rẹ̀ ni “native resolution”. “Supports” ò já mọ́ nǹkan kan.

Ìtàn alẹ́ yẹn ò tíì parí. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, àwọn àlejò ti lọ, wọ́n ti ń ká kánópì. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, wá bá mi níbi tí mo jókòó sí bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Wọ́n ní, “Tún un tàn.” Mo ní ó ti bàjẹ́, sà. Wọ́n ní, “Mo ní kó o tún un tàn. Ṣé ọ̀sán ni wọ́n ń wo sinimá ni?” A pa gbogbo gílóòbù àgbàlá. Mo sún projector mọ́ aṣọ títí àwòrán fi kéré, kò ju apá mi méjèèjì lọ. Bàbá mi yọ. Kò dán, ojú wọn rí bàìbàì, ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Màámi wò ó tán, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi ìdí ìborùn nu ojú.

Bàbá Kékeré ló wá ń sọ fún wa pé àwọn òṣèré àtijọ́ mọ ohun tí èmi ò mọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tí Adé Love kó ipa ńlá níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn máa ń fi fíìmù ránṣẹ́ sílé sinimá kí wọ́n máa retí owó. Àwọn tó ṣe fíìmù Yorùbá láyé ìgbà yẹn máa ń gbé fíìmù wọn àti projector káàkiri fúnra wọn ni, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ìlú dé ìlú. Bí ó bá kúrò lójú wọn, wọ́n lè jí i dà kọ. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá gan-an nìyẹn, Baba Sala wa, lórí Ọ̀run Móoru ní 1982: wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, bàbá náà wọ gbèsè. Bàbá Kékeré ní àwọn wo fíìmù ní National Theatre, Ìgànmú, pé bí iná bá ti kú, èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Òkùnkùn yẹn gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Ìkejì tí mo rà, tokunbọ̀ ni. Irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì àti ilé ìwé lókè òkun, 3,000 ANSI, 1080p tòótọ́. Ó gbà mí ní ọdún kan kí n tó kó ₦210,000 rẹ̀ jọ. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà o: ọ̀pọ̀ projector ọ́fíìsì jẹ́ 1024 ní 768. Ó dáa fún ìwé kíkà lójú ògiri, fíìmù á kàn fi àlàfo dúdú sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ni. Ẹ wọ inú menu rẹ̀, ẹ wo “lamp hours”. Gílóòbù irú rẹ̀ sábà máa ń lò tó wákàtí 3,000 sí 5,000. Bí ẹ bá bá 4,200 níbẹ̀, gílóòbù tuntun ti ń bọ̀ lọ́rùn yín nìyẹn, ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí wọ́n pè fún yín. Àwọn oní-LED kì í ní wàhálà yẹn, wọ́n máa ń lò ju 20,000 wákàtí lọ.

Bí mo ṣe rà á lọ́tẹ̀ yìí: mo gbé laptop mi dání, pẹ̀lú fáìlì kan tó kún fún lẹ́tà wínníwínní. Mo ní kí wọ́n ṣí kọ́tìnì. Ẹni tó ń tà á bojú jẹ́, mo ní kò sí wàhálà, mo fẹ́ẹ́ lọ. Ó ṣí i. Mo wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá lẹ́tà ibẹ̀ mọ́ bíi ti àárín. Mo gbọ́ ariwo fáànù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó béèrè iye owó. Ìgbà àkọ́kọ́, owó ni mo kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ ò nílò ìbòjú olówó ńlá. Aṣọ ìbùsùn ò dáa, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun tí kò dán kùn ti tó. Àwọn kan máa ń lọ gba flex tí wọn ò tíì tẹ nǹkan sí lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó ń ṣiṣẹ́, kó má ṣáà ti dán jù.

Ní ti iná, tèmi ń jẹ nǹkan bíi 300 watts. Ká tiẹ̀ fi ₦225 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Band A sí ní April 2024 ṣírò, fíìmù wákàtí méjì ò jẹ tó ₦150. Owó kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ibẹ̀ ni kí wọ́n mú iná lójijì, tí gílóòbù gbóná janjan, tí fáànù sì ti dúró. Ó lè ba gílóòbù jẹ́. Inverter tàbí UPS kékeré ni mo fi ń gba tèmi là.

Bí Netflix ò bá mọ́ lórí projector olówó pọ́ọ́kú yín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Netflix ò fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, kò ní fún un ní HD. Ẹ ra stick tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ fi sínú HDMI. Ní ti ohùn, ẹ lo wáyà. Bluetooth máa ń jẹ́ kí ẹnu ṣáájú ọ̀rọ̀.

Ìwọ arábìnrin tó fi ohùn ránṣẹ́, má rà á. Ayẹyẹ ọjọ́ kan lẹ fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, ẹ háyà ìbòjú LED lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ètò ìnáwó. Bí owó ò bá ká a, ẹ háyà projector tó dáa, kí ẹ fi fídíò náà sí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ilẹ̀ Èkó á ti ṣú nígbà yẹn lóṣù yòówù. Kí o fi owó àjọ rẹ sílẹ̀.

Oṣù tó kọjá, màámi wá sùn lọ́dọ̀ mi ní Yaba. Wọ́n ní kí n fi bàbá mi hàn wọ́n. Mo pa iná, mo fa kọ́tìnì. Ká sọ òótọ́, kò sí projector tó lè sọ VHS di HD, kásẹ́ẹ̀tì ṣì ni kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kẹrin, màámi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan wà ní igun, lẹ́yìn bàbá mi, níbi tó ṣókùnkùn, tí ti àkọ́kọ́ ò jẹ́ ká rí rárá. Màámi na ọwọ́ sí ògiri. “Ìyá mi nìyẹn. Ìyá mi ló ń gbé omi yẹn!”

Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.