Ìdí Iṣẹ́ Ìgbafẹ́

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó tún jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé fún iṣẹ́ ìgbafẹ́, ń fi àkókò ṣòfò ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, bí onítọ̀hún bá ṣáà ń jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ibi tó bá iṣẹ́ náà dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, kéde pé òun ń kọ ètò kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, pé ìgbafẹ́ lásán ni. Kò tíì parí rárá. Síbẹ̀ ó gbé e síta, àwọn tí kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tún un ṣe, ó sì di Linux, tó wà nínú gbogbo fóònù Android lónìí.

Ẹ lè sọ pé ilé àti iṣẹ́ oṣù ni yóò jìyà ẹ̀. Òótọ́ ni, bí èèyàn bá fẹ́ dá gbogbo ẹrù náà rù. Ṣùgbọ́n láti 1997 sí 2003, iléeṣẹ́ Transmeta ní Amẹ́ríkà ló ń san owó oṣù Torvalds, ó sì ń tọ́ ọmọ nílé. Linux ò dúró: ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gbé e.